Màmá Fẹ́ Rí Odò: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Wọn Jáde Lórí Àga Oníkẹ̀kẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ogbómọ̀ṣọ́ la ń gbé. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu màmá wa, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì wọn kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Wọ́n lè dìde dúró bí ènìyàn bá dì wọ́n mú, ṣùgbọ́n orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní ilé ti sú àwọn, odò ni àwọn fẹ́ lọ wò. Àwa ọmọ mẹ́ta fẹ́ gbé wọn jáde láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú. Níbo la lè lọ, kí ló sì yẹ ká mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, ni mo ń ṣe níbí ní Ogbómọ̀ṣọ́, inú mi sì dùn sí ohun tí Màmá béèrè, torí jíjáde nílé wà lára ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá odò, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Odò tó dára pọ̀ ní agbègbè wa. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí àga Màmá lè wọ ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ni kò wọ́pọ̀.

Ẹ fi téèpù wọn àga náà níbi tó ti fẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fẹ̀ tó 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà ẹ wá ilẹ̀kùn tó fẹ̀ tó 80. Bí ẹ bá kàn pe òtẹ́ẹ̀lì pé ṣé àga oníkẹ̀kẹ́ lè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ni wọn yóò sọ, torí géètì ni wọ́n ń rò. Ẹ ní kí wọ́n ya fídíò láti ibi tí mọ́tò ń dúró sí títí dé ibi ìwẹ̀ àti ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n na téèpù sẹ́nu ilẹ̀kùn kí ẹ rí i. Ẹ béèrè gíga bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú mátíràsì orí rẹ̀: ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìjókòó àga Màmá dọ́gba, nǹkan bíi 45 sí 50 sẹ̀ǹtímítà. Bí àtẹ̀gùn kan bá wà lẹ́nu ọ̀nà, kápẹ́ńtà lè ṣe pákó tí ẹ ó máa tì wọ́n gùn. Fún sẹ̀ǹtímítà kan tí àtẹ̀gùn bá ga, kí pákó gùn ní 12. Èyí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 ń fẹ́ pákó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180.

Ẹ má sì bẹ̀bẹ̀ bí ẹni ń tọrọ àánú. Òfin tó dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà fún wọn. Ọdún márùn-ún ọ̀hún ti pé.

Ní tèmi, Òṣogbo ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Kò jìnnà sí wa, òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ lè ṣà yàn pọ̀, ilé ìwòsàn sì wà nítòsí. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, fẹ̀ tó 75 hẹ́kítà, odò ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá lábẹ́ àwọn igi ńlá. Wọn kò ṣe ọ̀nà ibẹ̀ fún àga oníkẹ̀kẹ́ o. Ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí odò, òjò sì ń mú kó máa yọ̀. Nítorí náà ẹ lọ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, kì í ṣe oṣù kẹjọ tí èrò ọdún Ọ̀ṣun máa ń kún ibẹ̀. Kí ọ̀kan nínú yín ṣáájú lọ wo ibi tí Màmá ti lè jókòó rí omi dáadáa. Ibi kan péré náà ti tó. Ojúbọ ni igbó yìí, ẹ bi Màmá bóyá ìgbàgbọ́ wọn gbà wọ́n láyè. Bí wọn kò bá fẹ́, Ìkógòsì ní Èkìtì ni mo tún lè dábàá, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìnnà díẹ̀. Ẹ fi Olúmìrin, omi tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, sílẹ̀, torí òkè ni èèyàn máa ń gùn níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ yí àga padà, kí Màmá kọ ẹ̀yìn sí ìsàlẹ̀, kí ẹni tó lágbára jù wà lẹ́yìn wọn, kó máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dojú wọn kọ ìsàlẹ̀, wọ́n lè yọ̀ ṣubú síwájú. Lórí yanrìn tàbí gbòǹgbò igi, ẹ gbé táyà kékeré iwájú sókè, kí ẹ fi táyà ńlá ẹ̀yìn nìkan rìn. Bí ẹ bá ní láti gbé àga náà, irin ara rẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Apá àga àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé lè yọ mọ́ yín lọ́wọ́.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń fa apá tó rọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fa apá òsì Màmá láti fi gbé wọn sínú mọ́tò láéláé. Iṣan tó di èjìká yẹn mú ti dẹ̀, eegun lè yẹ̀ kúrò níbi tó wà, ìrora rẹ̀ sì lè pẹ́ kó tó lọ. Ẹ gbé àga sí ibi tí ìjókòó mọ́tò yóò fi wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tó lágbára tẹ ilẹ̀, kí ẹ di ìbàdí wọn mú.

Ẹ má fi omi mímu dù wọ́n nítorí ìtọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ gbé póò ìtọ̀ dání. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ wà nínú búùtù, ọwọ́ yín ni kó wà. Àga rọ́bà tó ní apá dára fún ìwẹ̀, ẹ tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, kí wọ́n tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ìdí wọn, kí ẹ sì fi fóòmù sábẹ́ wọn nínú mọ́tò. Lálaalẹ́, ẹ wo ìdí àti gìgísẹ̀ wọn. Awọ dúdú kì í sábà pọ́n bí egbò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ojú ibẹ̀ lè ṣú sí i, kó gbóná, tàbí kó le lábẹ́ ìka. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó lé e tàbí sùn lé e mọ́. Bí kò bá sì lọ láàárín ọjọ́ kan, tàbí tí awọ bá bó, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.