Ẹ rí mọ́gàjí kí ẹ tó ronú rédíò

Arábìnrin tó ní òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló ń wá síbi ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, tó ń béèrè bóyá ìpolówó rédíò lè mú ará Bẹẹrẹ àti Sábó wá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ojú tèmi ti rí i.

Ìwé àṣẹ, lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, ẹ mọ ìyẹn. Bẹẹrẹ ni kí n sọ. Ọ̀gá wa, tí kò gun òkè Mápó rí, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ká máa gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n má sì tíì jẹun. Aláta wo ni yóò fi ọjà sílẹ̀ tebi-tebi nírú àsìkò yẹn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn mẹ́rin! Ìgbà tí a yí i sí aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n tó yọjú.

Ìwé ìfọwọ́sí, èyí tí èèyàn fi ń gbà láti kópa nínú ìwádìí, ló wá burú jù. Ojú ìwé mẹ́sàn-án, Yorùbá inú rẹ̀ kò yé èmi gan-an. Mo gbé tàdáwà síwájú ìyá arúgbó kan pé kó tẹ̀ka, ó fa ọwọ́ yọ: "Ṣé ilé bàbá mi lẹ fẹ́ gbà ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Èmi ò mọ̀ pé ìtẹ̀ka ẹnì kan ló dá ẹjọ́ ilẹ̀ sílẹ̀ nínú agbo ilé náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti di gbọ́mọgbọ́mọ tó ń ta ẹ̀jẹ̀. Mọ́gàjí, olórí agbo ilé náà, ránṣẹ́ pè wá. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ta mí. Mo wá yọ ṣíbí tíì kan, mo bu omi sí i: "Bàbá, ohun tí à ń gbà kò ju èyí lọ." Mílílítà 5 ni lóòótọ́. Òun ló kọ́kọ́ na apá.

Ní Sábó, àdúgbò àwọn Háúsá, ọmọ Háúsá gan-an ni kó ṣáájú yín. Bàbá kan bi mí nípa Kánò, 1996, tí ilé iṣẹ́ olóògùn Pfizer kó nǹkan bí ọmọ 200 sínú ìdánwò oògùn Trovan nígbà àrùn yírùnyírùn, tí nǹkan bí ìdajì wọn gba Trovan, tí 11 nínú gbogbo wọn kú. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ẹ fi nọ́ńbà ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó ń kópa nínú ìwádìí hàn wọ́n, kí wọ́n lè fi yín sùn níbẹ̀.

Owó ọkọ̀ fún àwọn tó ń kópa ńkọ́? Ìgbìmọ̀ tiwa ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, àwọn tó ń gba owó ìjókòó! Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ sì mú ìfúnpá ńlá dání, èyí tí à ń wé mọ́ apá láti fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tó kéré lórí apá tó sanra máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ga ju bó ṣe rí lọ. A dẹ́rù ba ìyá onígààrí kan lásán.

Háà, rédíò. Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ, ọ̀dọ̀ mọ́gàjí ni yóò kọ́kọ́ lọ bèèrè yín.