Ṣé orúkọ Yorùbá ni Sade, kí ló sì túmọ̀ sí?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé: ẹnì kan gbọ́ orin Sade Adu lórí rédíò, ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ Yorùbá ni Sade, ohun tó túmọ̀ sí, bóyá ọmọ ọba ni ẹni tó ń jẹ́ ẹ, àti ìdí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ti «r» bọ àárín rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pè é.

Yorùbá ni, Yorùbá pọ́ńbélé. Fọláṣadé ni orúkọ náà ní kíkún. Ìbàdàn ni wọ́n bí olórin náà, Helen Fọláṣadé Adu, sí, ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1959. Adébísí Adu ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, olùkọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé. Anne Hayes ni ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́ńdọ̀n ni tọkọtaya náà ti mọra kí wọ́n tó wá sí Nàìjíríà.

«Fi ọlá ṣe adé» ni gbólóhùn tí wọ́n sún kì láti fi ṣe orúkọ yìí. Fáwẹ̀lì inú «fi» já nígbà tó kan ọlá, ti inú «ṣe» náà já nígbà tó kan adé, ó wá di Fọláṣadé. Ọ̀nà kan náà la gbà rí Fọlárìn, ìyẹn fi ọlá rìn, àti Fọláhàn, fi ọlá hàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń ṣàlàyé orúkọ yìí máa ń sáré lọ síbi adé, wọ́n á fi ọlá sílẹ̀. Lójú tèmi, ọlá ni kókó rẹ̀. Ọlá kì í ṣe owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó lè bá a rìn. Iyì tí àwùjọ fún ènìyàn ni, nítorí ilé tó ti jáde, nítorí ìwà rẹ̀ tàbí nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òun ló ń mú kí àgbàlagbà yẹ̀ fún ọ níbi ìjókòó. Olówó lè wà ládùúgbò tí kò lọ́lá rárá, tí gbogbo ayé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ ọmọ ní Fọláṣadé ń sọ pé iyì tí àwa ní nílé yìí ni ọmọ yìí yóò dé sórí. Ohun tí ọba ń fi adé ṣe, ọlá ni àwa ń fi ṣe é.

Èyí ló mú mi dé orí ìbéèrè ọmọ ọba. Orúkọ tí Adé bá ṣíwájú rẹ̀, irú Adéyẹmí, Adéwálé, Adébísí, adé fúnra rẹ̀ ló ń ṣe nǹkan nínú rẹ̀: adé yẹ mí, adé wá ilé, adé bí sí i. Láyé àtijọ́, ilé tí adé ń bẹ ni í sábà sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí ilé tí kò ní adé kò ní sọ pé adé òun ti bí sí i. Fọláṣadé yàtọ̀. Ọlá ni ilé náà ní lọ́wọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di adé. Ilé ìjòyè lè jẹ́ ẹ, ilé ológun lè jẹ́ ẹ, ilé oníṣòwò ńlá náà lè jẹ́ ẹ. Ilé ọba pàápàá kò kọ̀ ọ́, wọn á kàn ní adé méjì nìyẹn. Orúkọ náà nìkan kò tó fún wa láti pe Sade ní ọmọ ọba. Lóde òní pàápàá, gbogbo ilé ló ti ń sọ ọmọ ní Adé, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Adébísí ni bàbá, Fọláṣadé ni ọmọ. Adé ò kúrò nílé. Ohun tí àwọn àgbà ń wí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọn kì í ṣa orúkọ nítorí pé ó dùn létí. Wọ́n á wo ohun tó wà nílẹ̀ nígbà tí ọmọ dé, wọ́n á wo orúkọ tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń jẹ́, wọ́n á sì so tirẹ̀ mọ́ ọn. Ìtàn ilé ni wọ́n ń kọ lọ́nà bẹ́ẹ̀, ọmọ kan lẹ́yìn èkejì. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tó jẹ́ ọjọ́ kẹjọ lóde òní, bí wọ́n bá ti fi oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti atare wúre tán, bàbá nìkan kọ́ ló ní ẹnu ọ̀rọ̀. Bàbá àgbà, ìyá àgbà, ará ilé ìyá ọmọ, kálukú ló lè fi orúkọ tirẹ̀ lélẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Yorùbá fi ń ní orúkọ tó pọ̀, tí ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sì lè jẹ́ Helen kó tún jẹ́ Fọláṣadé láìsí pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́.

Gígé tí wọ́n gé e di Ṣadé kò ṣàjèjì. Fọlá ni àwọn ilé mìíràn ń pè é, ṣùgbọ́n ọkùnrin ń jẹ́ Fọlá, obìnrin ń jẹ́ ẹ, ilé kan sì lè ní Fọlákẹ́ àti Fọlárìn pẹ̀lú. Bí a bá pe Ṣadé, ẹni tí à ń pè á mọ ara rẹ̀. Ohùn àárín ni «Ṣa», ohùn òkè ni «dé», kò sí «r» níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó gbé àwo rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ló kọ «Shar-day» láti fi kọ́ àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe máa pè é. Lẹ́nu ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, «ar» yẹn kò ju «aa» tí a fà lọ, «r» ibẹ̀ kì í dún. Àwọn Amẹ́ríkà ní tiwọn ń pe gbogbo «r» tí wọ́n bá rí, bí Ṣadé ṣe di ohun tí wọ́n ń pè lónìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ òbí lọ́hùn-ún, pàápàá àwọn aláwọ̀ dúdú, bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ ọmọbìnrin wọn láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn mìíràn sì fi «r» náà sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Inú mi kì í bà jẹ́ sí i. Ó wú mi lórí pé àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lọ sóko ẹrú tún fi ẹnu ara wọn mú orúkọ wa.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Sade nígbà tí ìyá àti bàbá rẹ̀ túká, tí ìyá kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lágbègbè Colchester ní Essex. Iṣẹ́ aṣọ rírán àti yíya àwòrán aṣọ ló lọ kọ́ ní Saint Martin's, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Lọ́ńdọ̀n, kì í ṣe orin. Ó bá ẹgbẹ́ olórin kan tí ń jẹ́ Pride kọrin, ibẹ̀ ló ti pàdé Stuart Matthewman àti Paul Denman. Andrew Hale náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ẹgbẹ́ Sade. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé orúkọ ẹgbẹ́ ni, wọ́n rò pé obìnrin yẹn nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwo wọn àkọ́kọ́, Diamond Life, jáde ní 1984, ó sì gba ẹ̀bùn Brit, ẹ̀bùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti àwo tó dára jù. Promise tẹ̀lé e ní 1985, ọdún tí wọ́n kọrin ní pápá ìṣeré Wembley ní Lọ́ńdọ̀n níbi Live Aid, eré orin ńlá tí wọ́n fi kó owó jọ fún àwọn tí ìyàn mú ní Ethiopia. Nígbà tó di 1986, wọ́n gba Grammy, ẹ̀bùn orin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti olórin tuntun. Lẹ́yìn náà, wọ́n rọra ń ṣe é. Àwo mẹ́fà péré ni wọ́n ti gbé jáde di ọdún 2010. Love Deluxe jáde ní 1992, ó di 2000 kí Lovers Rock tó dé, ó tún di 2010 kí Soldier of Love tó dé, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó dé ló bọ́ sí ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kò wá sórí tẹlifíṣọ̀n wá pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni du ipò.

Ẹ má retí àpàlà tàbí jùjú nínú orin rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Lovers Rock, orin kan wà tó ń jẹ́ Immigrant, nípa ẹni tó dé ilẹ̀ àjèjì tí wọ́n fi àwọ̀ ara rẹ̀ hàn án léèmọ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè níbẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ náà sì wọni lára. Èmi kì í lè ṣe iṣẹ́ mìíràn bí mo bá ń gbọ́ ọ.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá orúkọ ló ro ó, nítorí a máa ń sọ pé orúkọ ń roni. Mo gbà pé ó ro ó, níbi ọlá gan-an. Oyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní OBE kàn án ní 2002, CBE sì tẹ̀lé e ní 2017, síbẹ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún lára rẹ̀ ti wà kí oyè tó dé.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ: ẹ kọ Fọláṣadé ní kíkún sínú ìwé ìbí, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ àti àmì abẹ́ «ọ» àti «ṣ». Ẹ má kọ Sade lásán, nítorí ọlá ló máa kọ́kọ́ já bọ́. Bí ọmọ bá dàgbà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gé e fúnra wọn.