Ìyẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ Tí Ọ̀rẹ́ Mi Fi Sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń pẹja láti ìgbà èwe ti di olóògbé. Ìyàwó rẹ̀ kó àpò ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kan fún mi, èyí tí olóògbé ti ń tọ́jú láti máa fi so eṣinṣin ìdẹ (ìdẹ àtọwọ́dá tí ó jọ kòkòrò) mọ́ ìwọ̀. N kò so irú rẹ̀ rí, nítorí òun ni ó máa ń so ti àwa méjèèjì. Mo fẹ́ fi so díẹ̀ ní ìrántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kí n má baà fi ìyẹ́ náà ṣòfò. Ṣé kí n fi pẹja ni, àbí kí n fi pamọ́ sínú dígí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Kí ẹ tó mú àlùmọ́gàjí, ẹ di àpò náà sínú náílọ́ọ̀nù, kí ẹ sì gbé e sínú fìríìsà fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí kòkòrò tí ń jẹ ìyẹ́ lè ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣà wọ́n sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti wá lára ẹyẹ. Ìyẹ́ apá le. Tín-ín-rín ni a ń gé lára rẹ̀ fún eṣinṣin tí ń rì sínú omi, ọ̀kan láti apá òsì, ọ̀kan láti apá ọ̀tún, kí wọ́n lè dọ́gba. Ìyẹ́ ìhà akọ pẹ́pẹ́yẹ Mallard ní ilà dúdú wẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dára fún apá àti ìrù eṣinṣin. Ẹ lè fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ méjèèjì.

Èyí tí ó ṣe iyebíye jù ni àwọn ìyẹ́ kéékèèké, múlọ́múlọ́, tí ó yí ibi tí òróró ti ń sun lókè ìrù pẹ́pẹ́yẹ ká. CDC ni àwọn apẹja ń pè é, ìkékúrú orúkọ Faransé tí ó túmọ̀ sí ìdí pẹ́pẹ́yẹ. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rẹ́ yín náà ti rẹ́rìn-ín rí. Ẹ má fi ọṣẹ fọ èyí, ẹ má sì fi ọ̀rá tí a fi ń mú ìdẹ léfòó pa á. Òróró ara rẹ̀, àti ní pàtàkì àwọn fọ́nrán wẹ́wẹ́ tí ń há afẹ́fẹ́ mọ́ra, ni ó ń gbé e sójú omi. Ọ̀rá yóò kàn lẹ àwọn fọ́nrán náà pọ̀ ni.

Ẹ fi F-fly bẹ̀rẹ̀, irú eṣinṣin ìdẹ kan tí Marjan Fratnik, ọmọ Slovenia, gbé jáde. Lórí ìwọ̀ nọ́ńbà 14, ẹ wé òwú láti ẹ̀yìn ojú ìwọ̀ títí dé ibi tí ó ti tẹ̀, kí ẹ wé e padà. Ẹ to ìyẹ́ CDC méjì tàbí mẹ́ta lé ara wọn, kí ṣóńṣó wọn kọjú sẹ́yìn, ẹ dè wọ́n pinpin nítòsí ojú ìwọ̀, kí ẹ sì gé e kí ó kọjá ẹ̀yìn ìwọ̀ díẹ̀. Ó parí. Bí ikun tí ń yọ̀ lára ẹja bá mú un rì, ẹ ṣàn án nínú omi, kí ẹ fi aṣọ fún un gbẹ.

Ní ti dígí, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi pẹja, nítorí ohun tí olóògbé kó o jọ fún nìyẹn. Àkọ́kọ́ tí ẹ bá so, tí ó dájú pé yóò wọ́, ni kí ẹ fi sínú dígí. Kí àwọn tí ó bá dára jù ú lọ wọ inú omi.