Mò ń mú Màmá lọ sí Zion, ṣé ọjọ́ kan á tó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní July, ọmọ ọdún 72 ni wọ́n, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú díẹ̀. Àwa àtàwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 9, fẹ́ lọ wo Zion National Park ní Utah. A máa balẹ̀ sí Las Vegas ní Friday, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fláìtì tá a máa bá padà jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ Saturday. Mo ní ká sùn sí Vegas, ká rẹ́ǹtì mọ́tò, ká gbéra ní mẹ́jọ àárọ̀. Ṣé àsìkò á tó? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra àlejò. Àsìkò á tó, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe tò ó yẹn. Láti Vegas dé Zion tó máìlì 160, wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni, ìyẹn ò burú rárá, ohun tó máa ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ ni pé aago Utah fi wákàtí kan ṣáájú ti Vegas. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní mẹ́jọ, ọ̀sán gangan lẹ máa dé ẹnu géètì, oòrùn July ibẹ̀ sì máa ń kọjá 38°C, ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò á sì ti kún láti àárọ̀.

Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní sùn sí Vegas rárá. Ẹ gbé mọ́tò yín ní Friday yẹn, ẹ máa lọ sí St. George, ìlú kan ní Utah lọ́nà Zion, bíi wákàtí méjì ni, ilẹ̀ ò ní tíì ṣú kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Fóònù yín á yí aago fúnra rẹ̀, aago ọwọ́ màmá ni kẹ́ ẹ bá wọn yí. Tó bá di aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ẹ bọ́ sọ́nà, nǹkan bíi wákàtí kan ló kù.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọn kì í jẹ́ kéèyàn wa mọ́tò ara ẹ̀ wọ inú àfonífojì Zion tá à ń lọ wò, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló ń gbé gbogbo èèyàn, ẹ ò nílò tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá a dé ibi tó gbẹ̀yìn, Temple of Sinawava, ó tó ìṣẹ́jú 45. Riverside Walk, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ etí odò tó wà níbẹ̀, lèmi fẹ́ràn jù fún màmá, torí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́, àlọ àtàbọ̀ ò ju máìlì 2.2, tó bá sú wọn kẹ́ ẹ yí padà jàre. Àwọn ìbejì á fẹ́ kó sódò o, ẹ bi àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ léèrè ná, torí ní July òjò lè rọ̀ níbi tó jìnnà kí omi ṣàdédé ya dé. Angels Landing, òkè gíga táwọn ọmọ Instagram máa ń gùn tí wọ́n ń pariwo, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Zion Lodge nìkan lẹ ti máa rí oúnjẹ rà nínú àfonífojì, mi ò sì rò pé màmá á fẹ́ jẹ búrẹ́dì onẹ́ran, ẹ yáa gbé jollof sínú kúlà.

Tẹ́ ẹ bá kúrò ní aago méjì ọ̀sán ti Utah, aago kan ló ṣì jẹ́ ní Vegas, wákàtí tó bọ́ lọ́wọ́ yín lánàá ti padà wá nìyẹn, ẹ máa dé nǹkan bíi aago mẹ́rin, ẹ ráyè dá mọ́tò padà ṣáájú fláìtì.

Ti owó, dọ́là 35 ni fún mọ́tò, àmọ́ láti January 2026 àlejò tí kì í gbé Amẹ́ríkà, tó ti pé ọmọ ọdún 16, á san dọ́là 100 sí i, màmá sì wà nínú ìyẹn.