Lọ́fínńdà ń mú imú mi ṣomi: kí ni sítẹ́rọ́ìdì fẹ́ ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Bí òórùn lọ́fínńdà tàbí èéfín bá ti kàn mí nímú, màá bẹ̀rẹ̀ sí í sín, imú mi á ṣomi, á sì dí. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní àléjì kọ́, pé iṣan ìmọ̀lára inú imú mi ló ń tètè bínú. Wọ́n wá fún mi ní sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń fín sí imú. Ọjọ́ kẹta rèé, mi ò rí ìyàtọ̀. Ṣé oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀ lè kápá iṣan ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á tì.

Fọ́nrán iṣan tín-ín-rín pọ̀ nínú awọ imú. Bí èéfín bá kàn wọ́n, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ẹ ó sì sín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò parí síbẹ̀: àwọn fúnra wọn ń tú èròjà sínú awọ náà, bíi substance P àti CGRP. Èròjà wọ̀nyí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí omi máa jò látinú rẹ̀, kí awọ wú, kí ikun sì máa ṣàn. Wọ́n tún ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò, tí àwọn yẹn náà á tú èròjà tiwọn, èyí tó tún ń gún iṣan ní kẹ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa koná mọ́ ara wọn.

Sítẹ́rọ́ìdì kì í mú iṣan kú típiti bí abẹ́rẹ́ àwọn dókítà eyín. Inú sẹ́ẹ̀lì awọ imú ló ń wọ̀ lọ, títí dé ibi tí àṣẹ iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì ti ń wá, ó sì ń yí àṣẹ náà padà. Èròjà tó ń koná á dín kù, sẹ́ẹ̀lì ààbò tó kóra jọ á túká, iṣan ẹ̀jẹ̀ ò ní í jò bíi tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tún fi hàn pé ó lè mú kí énsáìmù (èròjà inú ara tó ń mú iṣẹ́ yá) tó ń gé substance P wẹ́lẹwẹ̀lẹ pọ̀ sí i. Nígbà tí kò bá sí ohun tó ń gún iṣan mọ́, òun náà á rọlẹ̀.

Ìyípadà àṣẹ yìí ló ń gba àkókò. Àwọn kan ń rí ìtura láàárín wákàtí 12, ṣùgbọ́n ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 kí agbára rẹ̀ tó pé. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa fín in, kì í ṣe ìgbà tí lọ́fínńdà bá dé nìkan.

Bí ẹnì kan bá ní kò ṣiṣẹ́ fóun, mo máa ń ní kó fín in lójú mi. Ọ̀pọ̀ ló ń gbójú sókè, tí wọ́n á dojú ìgò kọ ògiri àárín imú, tí wọ́n á wá fà á símú kíkankíkan títí á fi dé ọ̀fun. Ẹ fun imú yín, ẹ gbọn ìgò, ẹ tẹrí ba díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi fín sí ihò òsì, ọwọ́ òsì sí ti ọ̀tún, kí ẹnu ìgò kọjú sí ìta, síhà etí. Ẹ rọra fà á símú. Fífín sára ògiri àárín yẹn wà lára ohun tó sábà ń mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀.

Mi ò ní tàn yín: níbi tí kì í bá ti í ṣe àléjì, kì í bá gbogbo èèyàn mu. Bí ọ̀sẹ̀ 4 bá kọjá láìsí ìyàtọ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín. Àwọn oògùn mìíràn tí wọ́n ń fín sí imú wà: ipratropium wà fún imú tó ń ṣomi ṣáá, azelastine náà wà. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń dí tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ 4.