Ọjọ́ Sátidé wa: iṣẹ́ oko, ohun àtijọ́ àti àwọn ọmọ

Ìbéèrè

Mo kí gbogbo ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tọ́ ọmọ ní òkè òkun. Ó di ọdún méjì báyìí tí èmi àti ọkọ mi ti kó kúrò ní ìgboro lọ sí oko tí ó jẹ́ ti ẹbí rẹ̀. A ní ewúrẹ́ méje, adìyẹ bí ọgbọ̀n àti ọgbà ẹ̀fọ́ tí ó tóbi díẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, a máa ń wá ohun àtijọ́ lọ sí ibi gbàǹjo àti ọjà àlòkù, ó sì ń dùn mọ́ àwa méjèèjì gan-an. Àwọn ọmọ wa ni kò fẹ́ ẹ mọ́. Èyí àgbà, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní iṣẹ́ ẹran ti gba gbogbo ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ òun, a sì tún ń fi Sátidé òun kó pàǹtí wá sílé. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún méje, kàn máa ń sùn sínú ọkọ̀ ni. Abà wa náà sì ti ń kún. Ṣé kí a jáwọ́ nínú ìrìn náà ni, tàbí kí a máa fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sílé?

Ìdáhùn

Ìyá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ìtọ́jú. Ọmọ mẹ́ta ni èmi náà tọ́ ní irú oko bẹ́ẹ̀, ẹnu èyí àgbà yín kò sì yàtọ̀ sí ti ọmọ mi ọkùnrin nígbà náà. Ẹ má ṣe jáwọ́, ẹ má sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ohun tí ẹ ń rà ni kí ẹ yí padà. Bí ohun àtijọ́ bá ní iṣẹ́ tí yóò ṣe ní oko, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ ni yóò sọ ọ́ di ohun tí ó ṣeé lò, kò ní pè é ní pàǹtí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ẹran kúrò nílẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti fara gbá a. Ní Sátidé kan, a dúró pẹ́ ní ibi gbàǹjo nítorí àga kan tí wọn kò tètè kàn. Nígbà tí a fi máa délé, ilẹ̀ ti ṣú, ilẹ̀kùn ilé adìyẹ sì wà ní ṣíṣí gẹ́gẹ́ bí a ti fi í sílẹ̀ ní àárọ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti wọlé. Adìyẹ mẹ́sàn-án ni ó pa. Ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń bọ́ wọn, mú tọ́ọ̀ṣì, ó ń wá wọn kiri ẹ̀yìn abà, ìyẹ́ nìkan ni ó sì ń ṣà. Kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀ títí ó fi sùn. Láti ọjọ́ náà, a kì í jáde láìjẹ́ pé a ti fún wàrà ewúrẹ́ tán, a sì máa ń padà kí oòrùn tó wọ̀, ì báà ṣe pé ohun tí a tìtorí rẹ̀ wá ni ó kàn. Bí ewúrẹ́ bá lóyún, ẹ ka nǹkan bí ọjọ́ 150 láti ọjọ́ tí akọ gùn ún, kí ẹ sì fi Sátidé tí ó bá súnmọ́ ọjọ́ náà sílẹ̀ fún un. Bí ọmọ bá rí i pé ẹ kò fi ẹran rẹ̀ ṣeré, yóò bá yín jáde tọkàntọkàn.

Wàyí o, ayùn ni ó yí ọmọ mi ọkùnrin lọ́kàn padà. Ó jẹ́ ayùn gígùn tí ènìyàn méjì ń fà, ó ti dógùn-ún débi pé ó pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yà sí i. Owó tí a máa ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí kì í pọ̀, ni ó fi rà á, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti bá oníṣòwò náà dúnàá-dúrà. Ó fi fínígà rẹ ẹ́ mọ́jú, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin há a, ó nù ún gbẹ, ó sì fi òróró pa á. Bí ìpáàrà ti ń ṣí kúrò ni àmì ẹni tí ó ṣe ayùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ lára irin, ọmọ náà sì pariwo pè mí láti inú abà bí ẹni tí ó rí ìṣúra. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n fi gé igi tí ó wó lu ọgbà àwọn ewúrẹ́. Láti ìgbà náà, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ ní Sátidé.

Ẹ kọ́ èyí àgbà yín ní bí wọ́n ṣe ń fi ojú àti ọwọ́ yẹ nǹkan wò. Bí ẹ bá rí tábìlì róbótó tí wọ́n ní ó ti gbó, ẹ ní kí ó fi téèpù wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà méjì. Igi a máa sún kì ní ìbú ju bí ó ti ń sún kì ní òòró lọ, nítorí náà tábìlì àtijọ́ gidi kì í sábà rí róbótó mọ́. Ẹ ní kí ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, kí ó sì wo igun rẹ̀, níbi tí pákó méjì ti wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́. Bí àwọn ìka náà kò bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó fi ọwọ́ gé wọn. Bí wọ́n bá dọ́gba géérégé, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ ní kí ó wo abẹ́ àga pẹ̀lú. Súkúrúù tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú kò sí lọ́jà kí ó tó di àwọn ọdún 1930. Bí oníṣòwò bá ní àga òun ti wà láti 1880, tí irú súkúrúù bẹ́ẹ̀ sì wà níbẹ̀, yálà wọ́n ti tún un ṣe, tàbí ọjọ́ orí tí ó ń pè kọ́ ni. Inú ọmọ ọdún mọ́kànlá a máa dùn púpọ̀ bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó rí ohun tí àgbàlagbà fojú fò.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbé wọlé. Ọ̀dà tí ó bá ń bó lára ohun ìṣeré tàbí ibùsùn àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Amẹ́ríkà gan-an kò fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé títí di 1978. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ há irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ láé. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ lára igi, tí ìyẹ̀fun sì ń dà láti inú rẹ̀, kòkòrò ṣì wà níbẹ̀, yóò sì ran igi abà yín. Ní ti eyín erin, òfin kò gbà á ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á.

Abà tí ó ti ń kún kò le: kí ohun tuntun kankan má ṣe wọlé láìjẹ́ pé ọ̀kan jáde. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín yan èyí tí ẹ óò tà, kí wọ́n sì ní ìpín nínú owó rẹ̀.

Ní ti èyí àbúrò, ẹ ra òòfà kékeré kan fún un, kí ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ó lè fi kọ́rùn. Ẹ sọ fún un pé idẹ gidi kì í fa òòfà mọ́ra, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi idẹ bò lójú yóò gbá a mú. Ẹ wá ní kí ó máa yẹ gbogbo ọ̀pá fìtílà àti gbogbo ọwọ́ ilẹ̀kùn tí ó bá wà lórí tábìlì ọjà wò, kí ẹ tó ná ohunkóhun.