Èsì: Àpilẹ̀kọ tó kúrò lójú ewé àkọ́kọ́ Google

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àpilẹ̀kọ yín lórí ọbẹ̀ ayamáṣe ti pòórá lójú ewé àkọ́kọ́ Google, ẹ sì fẹ́ pa á rẹ́ kí ẹ tún un kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́ o! Ẹ wọ Search Console, irinṣẹ́ Google tó ń fi hàn bí àpilẹ̀kọ yín ṣe ń jáde táwọn èèyàn bá wá nǹkan àti iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi oṣù mẹ́ta yìí wé mẹ́ta tó ṣáájú. Bó bá ṣì ń jáde dáadáa, àmọ́ táwọn èèyàn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́, àkọlé ni kí ẹ tún ṣe. Bó bá jẹ́ ipò rẹ̀ ló wálẹ̀, ẹ ka àwọn tó gba iwájú yín. Ohun tí wọ́n ṣàlàyé tí ẹ fò ni kí ẹ fi kún un. Kí ẹ kàn yí déètì padà lásán, ẹ̀tàn nìyẹn. Àbí ẹ ti yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà ni? Ẹ fi redirect 301, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ pé ojú ewé ti kó lọ síbòmíì pátápátá, darí ti àtijọ́ síbi tuntun.